Màmá Àgbà Mi, Olóhùn Àárín

Bí ẹ bá gbọ́ tí màmá àgbà mi ń dá kọrin nínú kíṣìnnì wọn ní San Salvario, àdúgbò kan ní ìlú Torino ní Ítálì, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé wọn ò mọ orin ọ̀hún ni. Ohùn wọn dáa, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ orin náà kì í lọ síbi tí etí ń retí pé kó lọ. Ibi tó yẹ kó gòkè, á dúró sójú kan. Ibi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ kó sinmi, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ yàgò fún àgbà kó kọjá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń nu fèrèsé, wọ́n ń kọ ọ́ tí wọ́n bá dúró ti caffettiera kí kọfí hó.

Ìyá Sùnmí ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, ibẹ̀ ni màmá àgbà sì ti bá wọn ta ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá Sùnmí kì í lè pa á mọ́ra.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ̀ ń kọ yìí gan-an? Ó dà bí ẹni tó sọnù ní ibùdó reluwé Porta Nuova."

"Orin bàbá mi ni."

"Ṣé bàbá yín náà ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ ni?"

Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, torí èrò tèmi náà nìyẹn. Màmá àgbà ò ní bínú. Wọ́n á wọn ìrẹsì tí wọ́n ń wọ̀n tán, wọ́n á di ẹnu ọ̀rá rẹ̀, wọ́n á gbé e fún oníbàárà, wọ́n á wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa:

"Ojú orin lẹ mọ̀. Èmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ."

Wọ́n ti lọ báyìí. Èmi Kọ́lá, ọmọ ọmọ wọn, ni mò ń kọ èyí. Mi ò kàwé lọ títí. Mo fi ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ láì parí rẹ̀, magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Collegno ni mo ti ń to ẹrù. Màmá àgbà ló fi Bíbélì kọ́ mi ní Yorùbá kíkà lórí tábìlì kíṣìnnì, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Mi ò lè sọ ìtàn ayé wọn láti ìbí dé ikú. Ìwọ̀nba tó kù sí mi lọ́kàn ni mo fẹ́ kó jọ kó tó fọ́nká.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Mopé ni àgbà, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Padova torí ìlú Padova ni wọ́n ń gbé. Màmá Padova ló ń kọ tírẹ́bù, ìyẹn ohùn òkè tí gbogbo ayé ń gbọ́, tí wọ́n fi ń mọ orin. Màmá àgbà mi ló tẹ̀ lé wọn, Àdùkẹ́ ni oríkì wọn, álítò ni tiwọn, ohùn àárín. Àǹtí Ìbídùn ni àbíkẹ́yìn, àwọn ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn kan tó jinlẹ̀ tó fi jẹ́ pé nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rò pé ọkùnrin ló ń kọ ọ́.

Bàbá wọn máa ń fun tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ eléré kan ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó. Bàbá náà ní giramafóònù, ó sì ní àwọn àwo jáàsì àtijọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń bá a rà bọ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo yẹn, àwọn ọmọ ìyá kan ń kọrin tí ohùn wọn wọ ara wọn bí ìka ọwọ́ ṣe ń wọ ara wọn nígbà àdúrà. Bàbá gbọ́ ọ, ó gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣeré lórí ẹní, ó ní àwọn wọ̀nyí náà á ṣe é.

Bó ṣe kọ́ wọn nìyí. Á gbé àtùpà sáàárín tábìlì, á yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò, á ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ẹnu sún mọ́ iná náà kí wọ́n máa kọrin. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá pa iná ló máa fọ abọ́ lọ́jọ́ yẹn. Máíkì kan ṣoṣo ló wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ bí ẹnu mẹ́ta ṣe ń jẹun nínú àwo kan láì gbọ́n ọbẹ̀ dà síra wọn lára. Àǹtí Ìbídùn ló fọ abọ́ jù. Nígbà tí wọ́n dé Ítálì, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lára pátákó ni Sorelle Àtùpà, ìyẹn Ọmọ Ìyá Àtùpà.

Àtùpà yẹn ò kúrò lára màmá àgbà títí tí wọ́n fi darúgbó. Tí wọ́n bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á sún mọ́ ọn títí onítọ̀hún á fi máa fà sẹ́yìn. Tí a bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, ẹnu wọn nìkan ni mo máa ń rí.

"Màmá, ẹ gbé fóònù jìnnà díẹ̀. Eyín yín nìkan ni mò ń wò."

"Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Tèmi ni gbogbo ẹ̀."

Mo máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò ní gbé e jìnnà. "Ohùn kì í wọ ara wọn láti òkèèrè," ni wọ́n máa ń sọ.

Èmi pẹ̀lú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jà, àfi lórí èdè. Torino ni wọ́n bí mi sí. Mọ́mì mi, ọmọ bíbí màmá àgbà, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Parma, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wálé, ọwọ́ màmá àgbà ni mo wà. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá ju báàgì sílẹ̀.

"Ciao nonna, cosa si mangia?"

Màmá àgbà á máa ro ọbẹ̀ wọn bíi pé atẹ́gùn ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Nonna!"

Wọ́n á tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n á fi iyọ̀ sí i.

"Màmá àgbà, ẹ káàsán mà. Kí la fẹ́ jẹ?"

"Ẹ̀hẹ́n! Kọ́lá mi! Ìgbà wo lo dé? Mi ò tiẹ̀ gbọ́!"

Mọ́mì mi á bá mi bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Màmá àgbà á mirí. "Èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò le koko o. Wọ́n mọ àwàdà ṣe. Signora kan wà tí àjà rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ kíṣìnnì wa. Tí orin bá ti pọ̀ jù fún un, á máa fi ìdí ìgbálẹ̀ gbá àjà. Ẹlòmíràn á bínú, tàbí kó bẹ̀ ẹ́. Màmá àgbà á dákẹ́, wọ́n á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tẹ́tí sí ìgbálẹ̀ náà bí olùkọ́ tó ń gbọ́ ọmọ tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a lẹ́jọ́: "Obìnrin yìí lágbára lọ́wọ́. Kò kàn mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé ni."

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nídìí máíkì kan, orí wọn sún mọ́ra débi pé irun Màmá Padova fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú Àǹtí Ìbídùn. Màmá àgbà ló wà láàárín. Tí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ fọ́tò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé màmá àgbà di ọrùn ọwọ́ àwọn méjì yòókù mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìyá tó fẹ́ mú ọmọ méjì sọdá títì. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá ẹ̀rù èrò ló ń bà wọ́n.

"Ẹ̀rù kẹ̀?"

"Ẹ di ara yín mú gírígírí."

Wọ́n fi etí ìró wọn nu gíláàsì fọ́tò náà. "Ibẹ̀ ni orin ti ń wọlé," ni wọ́n sọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí àgbà kàn ń sọ ni. Mo ń wá ṣájà fóònù mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò bi wọ́n síwájú sí i. Ohun tí mi ò bi wọ́n pọ̀, àmọ́ ìyẹn ni mo máa ń rántí jù.

Ìtàn tí Mọ́mì mi fẹ́ràn jù nínú ìrìn àjò orin wọn ni ti ìró ewé. Ẹgbẹ́ eléré kan ló kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí Ítálì. Ẹgbẹ́ náà túká, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò padà sí Èkó. Wọ́n ń kọrin ní Torino, ní Padova, ní Parma, nínú ilé oúnjẹ, ní piazza tó jẹ́ gbàgede ìlú, lábẹ́ àgọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará Ítálì ò mọ ohun tí wọn ì bá fi wọ́n ṣe: obìnrin dúdú mẹ́ta, aṣọ gígùn tó ń wọ́lẹ̀, tí wọ́n ń kọ jáàsì tó dàgbà ju ìyá àwọn tó jókòó ń gbọ́ ọ lọ. Ọkùnrin kan ní Padova tó gbà wọ́n síṣẹ́ wá mú ìró ewé mẹ́ta jáde, ó ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, pé ohun tí àwọn èèyàn òun ń retí nìyẹn.

Àǹtí Ìbídùn bú sẹ́kún. Màmá àgbà gba ìró náà, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, wọ́n gbé e padà lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí Màmá Padova, tó gbọ́ èdè Ítálì jù nínú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún un pé hòtẹ́ẹ̀lì ni bàbá wa ti ń ṣeré, kì í ṣe inú igbó. Tí ìró yìí bá wù ú, kó wọ̀ ọ́ kó jó ká rí i."

Màmá Padova rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀: "Àbúrò mi ní ẹ ṣeun gan-an. Ó ní kò bá òun mu ni."

Wọ́n wọ aṣọ tiwọn kọrin. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tí wọ́n sọ sí i títí dòní. Tí màmá àgbà bá gbọ́ tí Mọ́mì mi ń sọ ìtàn yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú wọn á yí padà, torí kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ ìtàn náà tí kò ní dárúkọ Màmá Padova. "Ẹ̀gbọ́n mi mọ bí wọ́n ṣe ń gbà," ni wọ́n á sọ. "Èmi, kíkọ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Mo wá dé ibi tí mo ń sá fún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Parma ló sọ màmá àgbà di ẹni tí wọ́n jẹ́, gbogbo wa nínú ilé la sì ń gbé lábẹ́ rẹ̀.

Àǹtí Ìbídùn kú. Àìsàn kúkúrú ni, kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Sorelle Àtùpà ti ṣèlérí pé àwọn á kọrin níbi àjọ̀dún orin kan ní Parma, àjọ̀dún tó tóbi ju gbogbo ibi tí wọ́n ti kọrin rí lọ. Màmá Padova ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú. Wọ́n wá ọmọbìnrin ará Ítálì kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ tó dáa. Ọmọ náà gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì wọn títí tó fi mọ gbogbo pàátì Àǹtí Ìbídùn, títí kan àwọn èyí tó jẹ́ Yorùbá. Màmá àgbà ò sọ pé àwọn gbà. Wọn ò sì sọ pé àwọn ò gbà. Wọ́n ń wá síbi ìdánrawò, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní ọ̀fun ń dun àwọn. Màmá Padova rò pé ìbànújẹ́ ni, pé ó máa lọ.

Mọ́mì mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn, iwájú ni wọ́n jókòó sí. Àwọn mẹ́ta jáde sórí ìtàgé: Màmá Padova lọ́tùn-ún, ọmọ náà lósì, màmá àgbà láàárín. Ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ sí màmá àgbà, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Màmá àgbà wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ká ọwọ́ tiwọn mọ́ àyà.

Orin bẹ̀rẹ̀. Màmá Padova gbé e lókè, ọmọ náà gbà á nísàlẹ̀, àárín ṣófo. Màmá àgbà dúró síbẹ̀ títí orin fi parí, ẹnu wọn pa dé, wọ́n ń wo iwájú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ìtàgé, Màmá Padova ò tiẹ̀ tíì bọ́ bàtà.

"Àdùkẹ́, o ti pa ẹgbẹ́ yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kú kẹ́ ẹ tó gbé e wá."

"Ìbídùn ló kú! Èmi ò kú! Ṣé kí n bọ́ sí sàréè tẹ̀ lé e ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí lo wá sọ? Láti ìgbà tí mo ti mú ọmọ yìí wá, kí lo sọ? Lanu rẹ!"

Màmá àgbà ò lanu. Mọ́mì mi ní ohun tí àwọn rántí jù ni ọmọ ará Ítálì náà, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ, tó sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ.

Wọn ò kọrin pọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Màmá Padova gbìyànjú láti máa dá kọrin nínú ilé oúnjẹ, kò lọ títí. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù irun sí Padova. Màmá àgbà bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sùnmí, ìdí ìrẹsì. Láti ìgbà náà, ẹnu Mọ́mì mi ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn. "Bá mi kí i." "Bá mi kí wọn." Ìkíni lásán, kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fẹ́ràn ìtàn yìí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi bí ìtàn akọni: màmá àgbà mi dúró níwájú gbogbo Parma, wọn ò la ẹnu! Bí mo ṣe ń dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan lẹ́nu mi. Mò ń rí ọmọ tó na ọwọ́. Mò ń rí Màmá Padova tí wọ́n ń kọrin lọ láì lè dúró, tí wọ́n ń gbọ́ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn. Lọ́jọ́ kan mo fi ìgboyà bi màmá àgbà bóyá ọmọ náà ò mọ orin kọ ni. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣa. Wọ́n yọ òkúta kan sọnù nínú rẹ̀.

"Ọmọ náà kọ ọ́ dáadáa," ni wọ́n sọ. "Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Nígbà tí àìsàn wá mú màmá àgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Padova bí ẹni ń béèrè ojú ọjọ́.

"Kọ́lá, ṣé òtútù ti mú níbẹ̀ yẹn báyìí, ní Padova?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ṣé reluwé ṣì ń lọ síbẹ̀?"

"Ó ń lọ, mà. Ṣé ẹ fẹ́ lọ ni?"

"Ta ló ní mo fẹ́ lọ? Èèyàn ò lè béèrè ọ̀rọ̀ mọ́?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo sọ fún wọn pé tí turno mi, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ mi, bá ti rọ̀, màá mú wọn lọ. Turno náà rọ̀. Mo fi ìsinmi náà sùn. Mọ́mì mi pe Màmá Padova lórí fóònù pé ara màmá àgbà ò yá. Màmá Padova béèrè pé, "Ṣé òun ló ní kí n wá?" Mọ́mì mi, tí kì í purọ́, ní rárá. Màmá Padova ní, "Tó bá ní kí n wá, màá wá." Mọ́mì mi ò sọ ìyẹn fún màmá àgbà, èmi náà ò sọ ọ́, torí a mọ̀ pé màmá àgbà ò ní sọ pé kí ẹ̀gbọ́n wọn wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbólóhùn kan péré ló kù. Àárín àwọn méjèèjì ṣófo, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ nínú wa.

Ìgbà tí ó kù díẹ̀, màmá àgbà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ospedale, ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oòrùn ń wọlé gba fèrèsé, mo di ọwọ́ wọn mú. Gbogbo Yorùbá tí wọ́n fi agídí kọ́ mi, mo ti tò ó sílẹ̀ lẹ́nu, mò ń dúró de ohun tí wọ́n máa sọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mo wò wọ́n. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé omi ni, mà?"

Mo gbé omi wá. Wọ́n gbé ojú kúrò. Mo ní bóyá ibì kan ń dùn wọ́n ni. Mo pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì tún ìrọ̀rí wọn ṣe, ó lọ. Mo tún jókòó. Wọ́n tún di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ètè wọn ká bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì lágbára ju bí mo ṣe rò pé ó kù sí wọn lára lọ.

"Màmá, mo wà níbí. Mi ò lọ ibì kankan. Ẹ sinmi, mà."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fi ọrùn ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n rọra gbá mi lẹ́yìn ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ tó gbìyànjú, wọ́n pa ojú dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti lọ. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé mo di ọwọ́ wọn mú títí. Gbogbo èèyàn yìn mí.

Màmá Padova wá síbi ìsìnkú. Ẹ̀yìn gbogbo èrò ni wọ́n dúró sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ọ̀pá àti kóòtù dúdú. Nígbà tí a padà délé, wọn ò jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wá kí wa. Wọ́n ní kí n fi kíṣìnnì han àwọn. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n ṣí àpótí ara ògiri bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n rí caffettiera, wọ́n gbé e ka iná.

"Kí ni Àdùkẹ́ máa ń kọ níbí?"

"Orin kan ni, mà. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

"Kọ ọ́."

"Mi ò mọ orin kọ, mà."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n kọ?"

Mo kùn ún fún wọn, orin tó máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Ìyá Sùnmí ní ó sọnù. Màmá Padova bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di etí tábìlì mú, ìgbà tí mo máa wò ó, ẹkún ni.

"Orin òjò ni. Bàbá wa ló fi jáàsì ṣe é fún wa."

Wọ́n nu ojú, wọ́n gbé e. Ohùn wọn ti gbó, ó sì ń gbọ̀n, àmọ́ ó lọ sókè tààrà: *Òjò Èkó, rọra máa rọ̀, má pa àtùpà wa.* Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú orin náà. Gbogbo ibi tí ohùn màmá àgbà ti máa ń dúró, gbogbo ibi tó ti ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ yé mi. Ohùn ẹ̀gbọ́n wọn ló fẹ́ kọjá níbẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, lójoojúmọ́, nídìí ìkòkò, màmá àgbà ń yà fún ẹ̀gbọ́n wọn.

Màmá Padova ò wò mí. Wọ́n na ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì mọ̀ pé àwọn nà án, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mo fa ọwọ́ mi yọ bí ẹni tí iná jó.

"Kí ló dé?"

"Màmá, kí lẹ ṣe yẹn? Ọwọ́ mi tí ẹ tẹ̀ yẹn."

"Ṣé Àdùkẹ́ ò sọ fún ọ ni? Nídìí máíkì kan, ojú ò ráyè wo ojú. Ẹni àárín ló ń di àwa méjèèjì mú. Tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́rùn ọwọ́, ìwọ ló kàn nìyẹn. Kí o wọlé."

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti ospedale, ti omi, ti nọ́ọ̀sì àti ìrọ̀rí. Kọfí hó, ó ń dà sórí iná, ó ń jó, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò.

"Ó wo ẹnu rẹ?"

"Wọ́n wò ó, mà."

"O sì mọ pàátì rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n."

Màmá Padova wo ẹ̀wà tó wà nínú abọ́ lórí tábìlì, tí wọ́n ti ṣa dé ìdajì, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí a ti gbé màmá àgbà lọ sí ospedale. Wọ́n pa iná. Wọ́n tún na ọwọ́ wọn sí mi, wọ́n mọ̀ pé àwọn nà án lọ́tẹ̀ yìí, mo sì gbé ọrùn ọwọ́ mi fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè. Nígbà tó dé ibi tó yẹ, wọ́n tẹ̀ mí. Mo lanu, ohùn ò kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tó máa jáde, orin ti kọjá.

"Ẹ má bínú, mà. Mo pẹ́."

"Gbogbo wa la pẹ́," ni Màmá Padova sọ.

Wọn ò fi ọrùn ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n mí sínú, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.